Ọwọ́ Yín Ni Ẹ̀rí Tó Kù, Bàbá

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé, Màmá mi tí ẹ ń ka ìwé yìí sí wọn létí. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òyìnbó níbí. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti wálẹ̀? Ṣé àbúrò mi Délé ṣì ń yà sílé bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àbí ojú ń tì í? Mo kí gbogbo ará ilé, lọ́mọdé lágbà.

Bàbá, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo ti pè yín títí. Bí mo bá ti dárúkọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ológun báyìí, ẹ ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, ẹ ó sì gbé fóònù fún Màmá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ní gbogbo Sátidé, Màmá máa ń ka ìwé ìròyìn yìí fún yín láti ojú ewé kìíní dé èyí tó kẹ́yìn, títí kan ìkéde òkú, ẹ kì í sì í jẹ́ kí wọ́n fo ìlà kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fo tèmi. Ìdí mìíràn tún wà. Ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti sọ yín di òpùrọ́, ojú gbogbo ayé náà ni mo fẹ́ kí a ti tún un ṣe.

Nítorí àwọn tí kò mọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé. Bàbá mi ni Jóẹ́lì Oyèníyì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó fi Ọ̀yọ́ ṣe ibùgbé. Ó ṣiṣẹ́ ológun láti ìgbà èwe rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìntì. Ó lọ sí Láíbéríà nígbà ogun ibẹ̀. Ọta ìbọn ba ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, Bàbá mi pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ẹni pọ̀n ọmọ, ó sì gbé e sá jáde. Ìka àárín ọwọ́ òsì rẹ̀ ló fi ṣe owó ìrìn àjò náà. Nítorí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣe gbé e ga láti kọ́pùrà sí sájẹ́ńtì, tí wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n sí Sájẹ́ńtì. Nílé ìwé, ọmọ Sájẹ́ńtì ni wọ́n ń pè mí ju orúkọ mi lọ.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ yín. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pe ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìntì síbi àyẹ̀wò ìwé. Akọ̀wé kan wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní kọ́pùrà ni Oyèníyì tó wà níwájú òun, kò sì sí àmì ẹ̀yẹ kankan lórúkọ rẹ̀. Ẹ ní kó tún un wò. Ó ní bó ṣe wà nìyẹn. Ó wá béèrè lójú gbogbo ẹgbẹ́ yín bóyá ẹ kàn ń pe ara yín ní sájẹ́ńtì ni, bí àwọn kan ṣe ń pe ara wọn ní dókítà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dé ọ̀dọ̀ mi níbí, ó sì dùn mí wọra. Màmá sọ pé láti ọjọ́ náà lẹ ti yí àga yín padà ní fàráǹdà, ẹ̀yìn lẹ ń kọ sí títì. Bí àwọn ọmọ kéékèèké bá ń kí Sájẹ́ńtì, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé ọwọ́ síwájú orí dá wọn lóhùn tẹ́lẹ̀, ẹ wá ń sọ fún wọn pé Sájẹ́ńtì ti kú. Kò tíì kú o, Bàbá. Ẹ má pa á.

Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Wọ́n ní kí ẹ mú ojúlówó ìwé ìfẹ̀yìntì yín wá, èyí tí wọ́n kọ ipò àti àmì ẹ̀yẹ yín sí. Ìwé náà wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti fi ọ̀rá lámínéètì bò ó. Ẹ rántí ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ rìnrìn àjò. Mo kó gbogbo ìwé pàtàkì inú ilé, sátífíkéètì Délé, ìwé ilẹ̀, ìwé ìgbéyàwó yín, mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì níwájú kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo ní kí eku má baà jẹ wọ́n, kí òjò má baà pa wọ́n. Ìṣe wa ni, ta ni kì í fi ọ̀rá bo ìwé rẹ̀ nílẹ̀ wa? Ẹ yìn mí lọ́jọ́ náà, ẹ ní mo gbọ́n. Akọ̀wé yẹn kò fẹ́ ìwé inú ọ̀rá. Ó ní àwọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan yíǹkì rẹ̀, kí àwọn sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní kí a lọ yọ ọ̀rá náà kúrò.

Ẹ gbà pé Délé ló ba ìwé náà jẹ́. Oṣù kẹta rèé tí ẹ kò bá a sọ ju káàárọ̀ o lọ. Bàbá, kì í ṣe Délé. Èmi ni. Délé ní kí a wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó ní ara òun kò gbà á. Èmi ni mo pè é lórí fóònù, tí mo ń kánjú torí mo ti pẹ́ síbi iṣẹ́, tí mo ní kó gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kó jẹ́ kí ọ̀rá náà gbóná, kó sì fà á. Mo ní mo ti rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo jágbe mọ́ ọn, mo bi í pé ṣé òun ni ẹ̀gbọ́n ni àbí èmi. Ó fà á, ọ̀rá náà sì kó yíǹkì lọ. Ibi tí wọ́n kọ ipò yín sí di funfun báláú, ibi tí wọ́n kọ àmì ẹ̀yẹ sí ya. Nígbà tí ẹ bi í pé ta ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ó dákẹ́, torí kò fẹ́ kí ẹ bínú sí ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, lọ́jọ́ tí mo nílò rẹ̀ ni mo gbàgbé rẹ̀. Ẹ dárí jì mí. Ẹ pe Délé, kí ó wá jókòó tì yín.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Òtútù ìlú yìí kò mọ ọmọ tí a bí ire. Mo máa ń wọ súwẹ́tà méjì, kóòtù kan, síbẹ̀ etí mi á máa ta mí bíi pé wọ́n fi ata sí i. N óò wọ bọ́ọ̀sì lọ, n óò wọ̀ ọ́ bọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní kí mi pé ẹ kú iṣẹ́. Mo ti ń kí ara mi nínú yàrá, mo sì ti ń dá ara mi lóhùn, kí Yorùbá má baà bọ́ lẹ́nu mi.

Bàbá òyìnbó kan wà nínú àwọn tí mo ń tọ́jú, iṣẹ́ ológun lòun náà ṣe. Àmì ẹ̀yẹ mẹ́rin ló wà lára ògiri rẹ̀ nínú àpótí onígíláàsì, pẹ̀lú ìwé tó sọ ibi tó ti gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú rẹ̀ kò gbàgbé ipò rẹ̀. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo máa ń fi aṣọ rírọ̀ nu àwọn àmì ẹ̀yẹ náà fún un, torí bí n kò bá nù wọ́n, yóò máa sunkún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi ni mo sunkún. Ó fi ọwọ́ kan èjìká mi, ó béèrè bóyá ológun ni bàbá tèmi náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sájẹ́ńtì ni. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán lẹ̀rù bà mí, bíi pé yóò ní kí n mú ìwé rẹ̀ wá.

Mo fẹ́ wá sílé, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ibí. Bí mo bá jáde báyìí, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta, kò sì ní sí ẹni tí yóò máa fi owó oògùn yín ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi fóònù ṣe ẹsẹ̀.

Ẹ rántí kàlẹ́ńdà tí a tẹ̀ fún ìsìnkú Ìyá Àgbà, tí àwòrán wọn wà láàárín, tí ti ẹ̀yin ọmọ wọn yí wọn ká. Kò sí ọ̀kan mọ́ nílé wa ní Ọ̀yọ́, torí èmi àti Délé ti fi í bo ìwé ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó jọ pé gbogbo ohun tó bá ń jẹ́ ìwé nínú ilé yẹn, ọwọ́ mi ni ikú rẹ̀ wà. Mo wá bẹ Bùnmi, ọmọ àbúrò yín tó ní ṣọ́ọ̀bù onírun ní àdúgbò Under G, pé kó bá mi wá a kiri Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wọlé tọ àwọn ẹbí. Nígbà tó yá, ó rí ọ̀kan nílé ńlá, nínú yàrá Ìyá Àgbà gan-an, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Ikán ti jẹ ẹ́ láti òkè wá. Ó ti jẹ ojú yín, Bàbá, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ṣùgbọ́n láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ ṣì wà. Aṣọ ológun lẹ wọ̀, ìlà mẹ́ta wà lápá yín, àmì ẹ̀yẹ wà láyà. Ẹ fi ọwọ́ òsì di fìlà yín mú mọ́ ikùn, àlàfo ìka àárín sì hàn gbangba. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Sájẹ́ńtì Jóẹ́lì Oyèníyì, àkọ́bí. Oṣù àti ọdún ìsìnkú náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Mo pe ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ológun. Obìnrin onísùúrù kan ló gbé fóònù. Ó ní àwòrán nìkan kò lè sọ kọ́pùrà di sájẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ìwé tí wọ́n fi kéde ìgbéga nígbà náà ṣì wà, oṣù-oṣù ni wọ́n dì wọ́n, ohun tó kàn ń dí àwọn lọ́wọ́ ni pé àwọn kò mọ oṣù tí àwọn yóò tú wò. Kàlẹ́ńdà yìí ti sọ ọ́. Ìgbéga yín kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí a fi sin Ìyá Àgbà, Màmá ṣì rántí pé àwọn ni àwọn rán ìlà tuntun náà mọ́ aṣọ fún ìsìnkú. Obìnrin náà ní kí a mú kàlẹ́ńdà wá, kí ẹni tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ búra ní kóòtù, kí ẹ̀yin náà sì yọjú fúnra yín sí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní Ìbàdàn. Mo sọ fún un pé àwòrán náà kò lójú mọ́. Ó béèrè pé kí ni yóò jẹ́rìí pé ẹ̀yin ni. Mo ní ọwọ́ yín ni.

Àlhájì Múfútáù, ọ̀rẹ́ tí ẹ pọ̀n jáde lọ́jọ́ náà, ti búra ní kóòtù Ọ̀yọ́. Délé ló mú wọn lọ. Akọ̀wé kóòtù bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú, Àlhájì ní ẹ̀yìn tó pọ̀n àwọn, àwọn ò lè ṣì í mọ̀. Orúnkún ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn yóò bá yín lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n ní lọ́jọ́sí, ẹ̀yin lẹ pọ̀n àwọn, lọ́tẹ̀ yìí, kí mọ́tò pọ̀n ẹ̀yin méjèèjì.

Bàbá, àwọn òṣìṣẹ́ náà yóò wà ní Ìbàdàn títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kẹ́yìn oṣù yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á pa fáìlì yín dé. Màmá sọ pé ẹ ní ẹ ò lọ mọ́, pé ẹ ò ní tọrọ ohun tí ẹ ti fi ìka yín rà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Dókítà ní ilé ìwòsàn Ògbómọ̀ṣọ́ ti sọ fún Délé pé ọkàn yín ti ń ṣàárẹ̀. Ẹ forí jì mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọ kì í sọ fún bàbá rẹ̀. Bí ọlọ́jọ́ bá dé kí èyí tó tún ṣe, irọ́ ni wọn yóò kọ lé yín lórí, irọ́ náà yóò sì máa gbé ayé lọ nígbà tí ẹ̀yin kò sí mọ́. Kì í ṣe torí owó. Èmi ni mo pa ìwé yín, n kò lè gbé e.

Mo dojúbolẹ̀, mo bẹ̀ yín. Ẹ yí àga yín padà sí títì. Ẹ jẹ́ kí Délé bá yín lọ aṣọ yín, ìwé ni áyọ́ọ̀nù bà jẹ́, kò ní ba aṣọ jẹ́. Ẹ fún Àlhájì ní apá kí ẹ jọ wọ mọ́tò. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, tí wọ́n bá tún ní kí ẹ mú ìwé wá, ẹ má bá wọn jà. Ẹ sáà gbé ọwọ́ òsì yín lé tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà náà. Ikán kò lè jẹ ìyẹn, èmi náà kò sì lè bà á jẹ́.

Ọlọ́run tó mú yín ti Láíbéríà bọ̀ yóò mú yín dé Ìbàdàn, yóò sì mú yín padà sílé láyọ̀. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ kánrin. Màmá, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, Ọlọ́run yóò tọ́jú ẹ̀yin náà. Ẹ bá mi kí Àlhájì, kí ẹ bá mi ṣàdúrà fún Bùnmi. Ẹ sọ fún Délé pé mo ti jẹ́wọ́. Ẹ kí àwọn ọmọ tó máa ń kọjá níwájú ilé, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì dẹ́kun kíkí tí wọ́n ń kí Bàbá.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́,
ọmọ Sájẹ́ńtì.