Ta Ló Pa Ìyá Dámisí?

Ẹ̀yìn Ọjà Igbó,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Fọláhànmí ọmọ mi,

Mo kí ọ o. O kú iṣẹ́, o kú ìnáwó, o kú ariwo Èkó. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun yó? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ adìẹ tó sùn sórí igi kò ní fi ìwọ tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta sílẹ̀. Àwa náà wà, a ò kú, a ò rùn. Àbúrò mi Mojísọ́lá, tó ń bá mi gbọ́únjẹ láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, ní kí n kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ̀ bí mẹ́ta, ó sì ti jẹ ìwé orin mi láti orin ogún dé ogójì, ẹnu lásán ni mo fi ń tẹ̀lé wọn báyìí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Fóònù tí o fi rán Shamsudeen awakọ̀ dé, kò fọ́. Mo ka ìwé tí o fi sí i. O ní iṣẹ́ rẹ nìyẹn, ìwọ lo kọ ìtàn inú géèmù tó wà nínú fóònù náà, ẹni tó bá sì ń ta á bí ẹni ta ayò ni yóò máa yan ohun tí ẹni inú rẹ̀ yóò ṣe. O ní ọ̀gá rẹ fẹ́ kí o yí ìparí rẹ̀ padà nítorí ó ń pa àwọn ènìyàn lẹ́kún, bí o kò bá sì yí i kí oṣù tó parí, òun yóò gbé e fún ẹlòmíràn. O ní kí n ta á wò, kí n sọ òótọ́ fún ọ. Mo ti ta á. Ìdí tí ìwé yìí fi pẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kìíní, mo tẹ̀ ẹ́, ó kọ LOADING. Mo ní a jẹ́ pé èrò ọkọ̀ kò tíì kún. Mo gbé e sórí tábìlì, mo lọ wẹ̀, mo jẹun, nígbà tí mo fi padà dé, ojú rẹ̀ ti ṣú. Mojísọ́lá ní wọ́n ti gbéra láìdúró dè mí. Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó tì í títí ó fi ṣí. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ SAVE. Inú mi dùn pé àwọn ọmọ Èkó ṣì ń béèrè ọ̀rọ̀ ìgbàlà. Mo sọ fún un pé wọ́n ti rì mí bọmi ní ìjọ Onítẹ̀bọmi láti ọdún 1978, mo sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ni Dámisí bá yọ. Ọmọ dáadáa ni. Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é. Fóònù bi mí pé ṣé kí ó lọ lónìí ni, àbí kí ó dúró gba owó oṣù lọ́jọ́ Ẹtì? N kò tíì dáhùn tí mo fi gbé orúkọ ìyá náà lọ sí ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú. Díákónì Ọlọ́runnísọ̀lá gbàdúrà títí aṣọ rẹ̀ fi tutù. Lẹ́yìn náà mo padà wálé, mo ro ó bí àgbà. Ta ní í lọ wo aláìsàn lọ́wọ́ òfo? Mo ní kí ó dúró. Ó gbowó, mo ní kí ó ra ọsàn àti mílíìkì, ó rà á. Nígbà tó dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó bá wọn níta, wọ́n káwọ́ lérí. Ìyá ti kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ojú fóònù dúdú, wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé: ÌWỌ LO YÀN ÁN BẸ́Ẹ̀.

Èmi! Mo fi ẹ̀bà sílẹ̀ láìjẹ. Mo gba ọ̀dọ̀ Mùílì lọ, ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá Ọjà Igbó, mo bi í bí mo ṣe lè kí Dámisí kú ìrọ́jú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní Bàbá, ẹ fara balẹ̀, a máa tún un bẹ̀rẹ̀ ni. Ó tẹ nǹkan, mo bá rí Dámisí ní Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ kò sì tíì kú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Pásítọ̀ béèrè àlàáfíà ìyá tí a gbàdúrà fún. Mo dìde, n kò purọ́. Mo ní ó kú lọ́jọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n Mùílì tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó sì jí. Fọláhànmí, ṣọ́ọ̀ṣì dàrú! Halelúyà ta bí ìbọn, ìyá méjì ṣubú lulẹ̀, wọ́n ní àfi kí n mú ìránṣẹ́ Ọlọ́run náà wá. Mo lọ pè é. Mùílì ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Mùsùlùmí ni mí, ẹ má kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Nígbà tí Pásítọ̀ wá gbọ́ pé inú fóònù ni ìyá náà ń gbé, ó ní kí n máa jókòó sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Láti ìgbà náà, mo ti ta á lẹ́ẹ̀mẹjọ. Mo ní kí ó lọ lójú ẹsẹ̀. Ìyá dì í lọ́wọ́ mú, ó kú lọ́jọ́ kejì. Mo ní kí ó yáwó, kí ó gbé e lọ sí ọsibítù. Ó kú síbẹ̀. Mùílì ní ìyànjẹ nìyẹn. Ó ní ìtàn tí wọ́n sọ fúnni lè parí síbi ẹkún, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí èèyàn fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀, kí wọ́n má ṣe mú gbogbo ọ̀nà já sí itẹ́ òkú. Mojísọ́lá ní kí ìyá dìde, kí ó jẹ iyán, kí gbogbo wa sinmi. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Káfíńtà ni mí, mo kan pósí fún ogójì ọdún, n kò tíì rí ẹni tó yan ọ̀nà tí kò gba ìsọ̀ mi kọjá. Ẹkún kọ́ ló bí mi nínú. Gbólóhùn ìparí yẹn ni.

Ìgbà kẹjọ ni mo tó dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀. Mílíìkì tí Dámisí gbé dání, irú rẹ̀ ni ìwọ náà gbé wọlé lọ́jọ́ tí ìyá rẹ kú, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, tí o bá wa níta.

Ọmọ mi, ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. Nígbà tí àìsàn ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n pè ọ́ kí o máa bọ̀. Èmi ni mo rò pé ibà lásán ni. Èmi ni mo pè ọ́ tí mo ní kí o ṣe ìdánwò rẹ tán ná. Ìwọ kò yan nǹkan kan. Èmi ni mo yàn án, n kò sì mọ̀. Mo rí i pé ò ń dá ara rẹ lẹ́bi, mo dákẹ́, nítorí ojú ń tì mí.

Nítorí náà sọ fún ọ̀gá rẹ pé bàbá rẹ ní kí ìyá Dámisí kú. Ẹni tó lọ lọ́jọ́ kìíní rí ọwọ́ dì mú, ẹni tó dúró kò rí i; ìyẹn nìkan ti tó fún ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ kò pànìyàn.

Bí owó bá wà lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún páànù ẹ̀yìnkùlé tí ìjì ká, àti fún dátà, nítorí Mùílì ní fóònù yìí ń jẹ ẹ́ bí ẹní jẹ ẹ̀pà. Bí o bá sì ń bínú sí mi, kọ ọ́ ránṣẹ́, n óò kà á dé ìparí. Má kàn dákẹ́.

Ọlọ́run yóò tì ọ́ lẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ kò ní gbẹ, ọ̀gá rẹ kò ní rí ẹ̀sùn kà sí ọ lọ́rùn, ilé ọkọ tí o bá wọ̀ yóò tù ọ́ lára. Ìyá rẹ kò bínú sí ọ. Orúkọ rẹ ló pè kẹ́yìn. Ó ní kí n rí i dájú pé o jẹun kí o tó wọlé ìdánwò.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mátíù Ọláníyì.