Zenaida, Wọ́n Pa Ọ́ Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Zenaida, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Mẹ́síkò Sítì? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò mú ọ jù? Kí Màríà Mímọ́ má gbójú kúrò lára rẹ, kí ẹsẹ̀ tí o fi ń jó má kọ lójú agbo. Bí o bá bèèrè wa, a wà, odò Papaloapan ti kún dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, ṣùgbọ́n àwọn adìẹ ti ń kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Ọmọ mi, nígbà tí o ní ijó ti sọ ọ́ di òṣèré, gbogbo àdúgbò ló ń wá wo eré rẹ ní pálọ̀ wa. Ọjọ́ tí ìyàwó olówó yẹn gbá ọ létí, bàbá rẹ, Nicanor tó ní ẹsẹ̀ ijó kì í bọ́ni yó, tí kò dárúkọ rẹ mọ́ láti ọjọ́ tí o ti lọ, ṣe ló dìde tó ń bú tẹlifíṣọ̀n náà tìyátìyá. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wá fi májèlé sínú ṣokoléètì fún ọ, wọ́n sì sin ọ́. Mo ní eré ni, ẹ̀yin èèyàn, ó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Chole aládùúgbò wa ní kí n yé tan ara mi jẹ, pé fóònù máa ń tọ́jú ohùn òkú bí ìkòkò ṣe ń tọ́jú ọbẹ̀ àná. Ọkàn tèmi náà wá ń ṣe kámi-kàmì-kámi, ni Fadá bá ṣe Ìsìn Òkú fún ọ. A wé tamale alágbàdo òkú rẹ séwé, a sè é, ó dùn, má bínú.

Bàbá rẹ kò fẹnu kàn án. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Veracruz, ó ní kí obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì já òun ní èyí tó lọ sí ibi tí wọ́n sin Zenaida sí. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó fa fóònù yọ, ó fi ọ́ hàn án láàyè, nínú bàtà pupa, tí o ń fi gìgísẹ̀ lu pákó, tí o ń pe oníbàárà. Ó ní bàtà ijó lò ń tà báyìí, ìwọ fúnra rẹ lo ni ilé iṣẹ́ náà. Bàbá rẹ kò fẹ́ dá fóònù padà. Ìgbà tó délé, ó jókòó ti ààrò, ó ní ọmọ náà mà ń jó o, Eufrasia, ó ń jó. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní èéfín ni. Mi ò tíì dáná.

Ohun kan ló ń dùn wá. Obìnrin náà ní ìsọ̀ rẹ orí íńtánẹ́ẹ̀tì kò ní ilẹ̀kùn, pé ẹnikẹ́ni láti ìlú yòówù lè wọ̀ ọ́ tọ̀sán tòru. Zenaida, olè ń bẹ láyé o! Bàbá rẹ ti gé kédárì ẹ̀yìnkùlé, ó ti ń kan ilẹ̀kùn fún ọ. Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ fún àwa méjèèjì, kí o sì ro ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, nítorí ó tóbi.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òwò rẹ kùtà, kí ilẹ̀ má yọ̀ ọ́. Bàbá rẹ dúró tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní kí n má kọ ọ́ pé òun kí ọ, òun fẹ́ fẹnu ara òun kí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Eufrasia