Mo Jẹ́ Kí Wọ́n Pe Ẹ̀gbọ́n Mi Ní Òpùrọ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi láṣìírí.

Télọ̀ ni mí. Láti ìgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti mú mi lọ́wọ́ ọ̀tún, mi ò rí aṣọ rán mọ́, gbèsè báńkì sì ń gorí ara wọn. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, alágbàfọ̀, fi owó oògùn ránṣẹ́ sí mi. Kí n tó dé báńkì, wọ́n ti yọ gbogbo rẹ̀ pátá fi dí gbèsè mi. Ojú tì mí, mo bá sọ fún ìyàwó mi pé ẹ̀gbọ́n mi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Ló bá pè é lórí fóònù: "Àǹtí, ṣé ẹ máa wòran títí àbúrò yín á fi kú ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti fowó ránṣẹ́. Ìyàwó mi ní irọ́ ni. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbé ìpè wa mọ́, oògùn sì ti tán. Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún nínú àwọn méjèèjì?