Kí Gbòǹgbò Má Baà Wọlẹ̀

Ẹ̀yin ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ ní ọgbà òdòdó Àǹtí Christabel ní Iganmu. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la máa ń gbé àwọn igi inú ọ̀rá dúdú sípò mìíràn, kí gbòǹgbò wọn má baà wọlẹ̀. Èyí tó bá wọlẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá fà á tu ló máa kú.

Mo ti kúrò ní yàrá Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ẹ má tíì pariwo! Inú ọgbà níbí náà dáa: atẹ́gùn ń fẹ́, mi ò sì wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Tí òjò bá rọ̀, ó ti bá mi bomi rin igi nìyẹn.

Ẹ kí Bọ̀dá Awwal. Bẹ́ẹ̀dì tó kan fún mi, ẹ ní kó má tíì gbé e wá. Ẹ ṣáà máa bá mi nu eruku ara rẹ̀.

Ọmọ yín,
Bàlíkísù