Fóònù Ara Ògiri Tí Kì Í Wo Ojú Ẹni

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń sùn dáadáa? Ohun tó o bá dáwọ́ lé kò ní já mọ́ ọ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ẹni tí yóò ṣe ọ́ lóore kò ní sùn lọ. Àmín. Gbogbo wa nílé ń kí ọ, àfi ewúrẹ́ dúdú yẹn tó jẹ etí ìwé tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ yìí, má bínú sí i.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti wọ́ ẹnu bàbá rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni wọn ò ti fẹ́ kí èèyàn rí wọn. Ọ̀rọ̀ náà wá burú sí i lọ́jọ́ tó o fi fóònù tó ń fi ojú hàn yẹn pè wá. Inú wọn ti ń dùn láti rí ọ, àfi bí wọ́n ṣe rí ojú ara wọn ní igun rẹ̀. Wọ́n kọjú sí ògiri, láti ọjọ́ náà wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, orí lásán ni wọ́n ń mì. Mo gbé fóònù náà sínú ìkòkò, mo dé e, kó má baà tún máa wo ilé wa. Ìdí nìyẹn tó o fi ń pè tí a ò gbé e.

Wàyí o, níbi tí mo ti ń gbá orí àjà, mo rí àpótí onígi kan. Ó ní agogo méjì lókè bí ojú, ó ní ẹnu dúdú tó yọ síwájú, ó sì ní irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí èèyàn lè máa yí. Mo ní ẹ̀rọ ìlọta nìyí. Mo da àgbàdo sí i lẹ́nu, mo yí i títí, dípò ìyẹ̀fun, agogo ló ń dún.

Mo gbé e tọ ẹni tó ń tún rédíò ṣe lọ, ẹni tí à ń pè ní Onísùúrù. Ó ṣí i, ó kó àgbàdo mi kúrò, ó di wáyà kan mú, ó ní kí n yí irin yẹn díẹ̀. Èmi kì í ṣe nǹkan díẹ̀, mo yí i dáadáa. Ńṣe ló fò, tó jókòó sílẹ̀, tó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní fóònù ni, fóònù ara ògiri ti ayé àtijọ́, pé yíyí yẹn ló ń fi ṣe iná fún agogo. Mo bi í pé ibo ni wọ́n ń fi síìmù sí, ó ní kò ní. Mo bi í nọ́ńbà rẹ̀, ó ní kò ní ìyẹn náà. Àánú fóònù náà ṣe mí, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀.

A jọ tún un ṣe ni. Agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sínú rẹ̀, eku sì ti jẹ okùn etí rẹ̀. Onísùúrù pààrọ̀ okùn, ó fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì sí i nínú, èmi fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ agogo rẹ̀ títí ó fi ń dán. Mo fẹ́ fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún kó bá ilẹ̀kùn mu, Onísùúrù fi Ọlọ́run bẹ̀ mí. Ó kàn án mọ́ ògiri níbi tí ọwọ́ bàbá rẹ tó ṣì lágbára lè dé. Ó wá fi fóònù àlòkù mìíràn ṣe èkejì rẹ̀, ó fa wáyà dé ilé ìdáná, ó ní tí wọ́n bá fẹ́ omi, kí wọ́n kàn yí i.

Lọ́jọ́ kejì, mò ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́ nígbà tí agogo dún. Mo nu ọwọ́, mo tún gèlè mi wé, mo gbé e sétí. Èémí nìkan ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ohùn kan wá ní, "Iyọ̀ ọbẹ̀ àná pọ̀."

Ọmọ mi, bàbá rẹ ni. Ọ̀rọ̀ náà ń tiro, àmọ́ ó délé. Omi bọ́ lójú mi, mo ní àlùbọ́sà ni. Mo fẹ́ sáré lọ bá wọn, wọ́n ní kí n má wá, kí n dúró síbi tí mo wà, ká máa sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. A sọ ọ́ títí ọbẹ̀ fi jóná. Mo wá rí i pé fóònù yìí ní ẹ̀kọ́ ilé ju tìrẹ lọ, kì í wo ojú ẹni. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, wọ́n tún yí i, wọ́n ní, "Ọmọ mi ńkọ́? Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀."

Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi owó wáyà ránṣẹ́. Mo bi Onísùúrù pé èyí tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ á gùn tó báwo, ó wò mí títí, ó ní kí n bi ìwọ tó ń rin ọ̀nà náà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe owó kékeré, torí wáyà ọ̀hún gbọ́dọ̀ yí òkè tó wà láàárín wa ká. Tí agbára rẹ ò bá gbé e tán, ra èyí tó o bá lè rà, a ó fà á dé ibi tó bá dé, kí ìwọ náà máa bọ̀ wá pàdé rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà yóò là fún ọ ní àlọ àti àbọ̀. Ohùn rẹ kò ní wọ́n wa nínú ilé yìí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ