Ẹnu Mi Kò Ní Pè Ọ́ ní Tálákà

Jóga-Orílé,
Oṣù Keje, 1978.

Adéjọkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mi ò gbá tíṣà létí o. Kí n tètè sọ ìyẹn ná kí n tó kí ọ, nítorí mo gbọ́ pé Fúnmilọ́lá tó ń ta aṣọ Ìdírókò ti gbé e dé Èkó pé mo gbá tíṣà ilé ẹ̀kọ́ àgbà létí, pé ọlọ́pàá sì wá mú mi. Irọ́ ni. Ọlọ́pàá kankan kò wá, ọwọ́ mi kò sì kan ẹnikẹ́ni. Ẹnu ni mo lò.

Ó yá, báwo ni ara rẹ? Ṣé o ń jẹun dáadáa? Gbogbo wa nílé wà ní àlàáfíà, ìyá rẹ àgbà ní kí n kí ọ, ewúrẹ́ rẹ ti bímọ, ẹ̀gẹ́ wa sì ta dáadáa. Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní jẹ́ kó o pàdánù ohun tó o lọ wá. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi tó bí ọ ti papò dà, tí ẹbí sì ní kí èmi àbúrò rẹ̀ máa ṣe baba rẹ, kò sí òwúrọ̀ kan tí mi ò fi ẹnu yìí súre fún ọ. Fi ìyẹn sọ́kàn bó o bá ń ka èyí tó kù.

Nígbà tó o kọ̀wé pé tí ẹ bá parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ni yín lóṣù Kejìlá, òyìnbó obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá yín yóò máa bọ àwọn òbí lọ́wọ́, yóò sì máa bá wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì, mo mọ̀ pé ìwé kẹrin tí mo kà dé kò tó. Mi ò fẹ́ dúró bí igi níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ, kí ẹlòmíì máa túmọ̀ fún mi pé ọmọ mi gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́. Tíṣà wa, Ọ̀gbẹ́ni Olúdayọ̀, mọ̀wé, ìkánjú nìkan ló ń bá a jà. Bó ṣe ń kọ́ wa ni pé yóò kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tàbí àkànlò èdè wọn sójú pátákó, yóò fi ṣe gbólóhùn, a ó sì máa dìde kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ náà ohun tó kọ, tí a bá yí i sí Yorùbá, ni pé, “Ọmọ mi tálákà bí eku inú ṣọ́ọ̀ṣì.” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó ṣe ń pe ẹni tí kò ní nǹkan kan, nítorí kò sí oúnjẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí eku lè jẹ. Mọ́nsúrátù tí a jọ wà ní kíláàsì ní ṣé eku mọ́ṣáláṣí wá lówó ni, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó wá kàn mí. Mo dìde, mo ní mi ò ní kà á. Tíṣà ní ṣé mi ò mọ̀ ọ́n kà ni, mo ní mo mọ̀ ọ́n kà dáadáa, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kà á. Ìwọ nìkan ni ọmọ tí mo ní, ẹnu tí mo fi ń súre fún ọ láàárọ̀ kò ní sọ ọ́ di eku nírọ̀lẹ́. Ó ní àpẹẹrẹ lásán ni. Mo ní kó fi ọmọ tirẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní òun kò tíì bímọ. Mo ní ó hàn.

Ibẹ̀ ló ti bínú, ó ní ẹni tí kò bá ní í kà á kó jáde, kó má sì padà wá mọ́. Mo jáde. Kí n má purọ́ fún ọ, ọkàn mi bàjẹ́, mo ti ń wo ara mi níwájú òyìnbó yẹn, tí mo kàn ń mi orí bí alángbá. Bí mo ṣe dé abẹ́ igi máńgòrò, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Àṣìkẹ́ aláta ni, ó ní òun bí mẹ́fà, èwo nínú wọn ni kí òun sọ di eku. Ọdẹkúnlé tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe tẹ̀lé e, Mọ́nsúrátù náà dé, bàbá arúgbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá ní kíláàsì gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ jáde. Mo kọ́kọ́ ń kà wọ́n, nígbà tó yá mi ò kà wọ́n mọ́, torí ojú mi ti ń ṣomi.

Ó wá ku tíṣà nìkan pẹ̀lú ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́. Ó jáde wá bá wa, ó ní ẹ̀yin àgbà, kí wá ni kí òun kọ. Mo ní kó kọ ọ́ pé ọmọ mi kò tálákà bí eku inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rò ó díẹ̀, ó ní Gẹ̀ẹ́sì náà gún régé. Adéjọkẹ́, mo kà á sókè débi pé àwọn tó ń ti oko bọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Mo ṣì wà ní kíláàsì, mo sì ń bọ̀ lóṣù Kejìlá.

Ohun kan ló kù tó ń dà mí láàmú. Ó wà nínú ìwé wa pé obìnrin kan ti ń dúró de ọkọ rẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin láti àárọ̀. Tíṣà ní kò sí obìnrin kankan, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó máa kọ̀wé nípa ẹni tí kò sí? Bó o bá gba ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó wà ní Ìdó kọjá, jọ̀ọ́, bá mi yọjú wò ó, bóyá ó ti jẹun.

Mo nílò owó díẹ̀, fún ìwé kejì tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, fún kẹrosíìnì, àti fún bàtà tí n óò wọ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Bó bá wà, fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ ní Ayétòrò lọ́jọ́ ọjà. Ọwọ́ rẹ kò ní gbẹ, ibi tó o bá jókòó sí yóò tù ọ́ lára, àwọn ọmọ tí wàá kọ́ yóò gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Bí owó náà kò bá sì sí, má kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kò sí o. Má fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́. Kọ ọ́ pé ó ń bọ̀, èmi yóò ṣe àmín níbí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínbọ̀wálé.