Màmá Ẹ-Rọra, Ẹni Tó Mọ Bí Jẹjẹrẹ Ṣe Ń Kú

Ọdún 1952 ni wọ́n bí Màmá wa, àkọ́bí káfíńtà àti aránṣọ, nínú yàrá kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Àbúrò kan ṣoṣo tí wọ́n ní kú ní kékeré. Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń dá ṣeré.

Wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1970, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò. Ní 1978, wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú awakọ̀ kan tó máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ìyàwó òun mọ ìfun àwọn aládùúgbò ju ojú wọn lọ. Bàbá ṣaláìsí ní 1996.

Iṣẹ́ Màmá ni láti máa bọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun ńlá nínú ìgò pẹlẹbẹ, nínú àpótí olóoru, kí wọ́n da oògùn sí i, kí wọ́n sì máa wo bó ṣe ń kú. Ẹni tó bá pa ilẹ̀kùn àpótí náà gbàgà á gbọ́ “Ẹ rọra!” Bí wọ́n ṣe sọ wọ́n lórúkọ níbi iṣẹ́ nìyẹn.

Wọn a máa ṣàlàyé fún wa pé oògùn kì í fọwọ́ ara rẹ̀ pa sẹ́ẹ̀lì. Ó máa ń já okùn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń bí irú ara rẹ̀ ni. Ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Tó bá rí i pé okùn náà kọjá àtúnṣe, á pàṣẹ kí sẹ́ẹ̀lì pa ara rẹ̀. Á súnkì, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, àwọn tó yí i ká á sì gbé e mì. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ẹ̀ṣọ́ wọn ti bàjẹ́. Wọ́n ń kọ etí ikún sí oògùn.

Ní àdúgbò, Màmá kì í tijú láti bi àgbàlagbà bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ojú á ti onítọ̀hún, àmọ́ á lọ ṣàyẹ̀wò. Nílé ìjọsìn, ìlà ẹ̀yìn ni wọ́n fẹ́ràn.

Ní 2021, Màmá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí àìsàn yìí kan náà kọlu wọ́n. Wọ́n gbé díẹ̀ lára kókó tí dókítà gé kúrò nínú ìfun wọn lọ síbi iṣẹ́, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n sì ń da oògùn tí nọ́ọ̀sì ń fà sí wọn lára sí i. Kò kú. Màmá mọ̀ pé oògùn náà ò ní ran àwọn kí dókítà tó mọ̀, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni; inú ìwé iṣẹ́ wọn la ti rí i.

Wọ́n sọ fún àwa ọmọ tó wà lókèèrè pé àwọn ará ibi iṣẹ́ ló ń jókòó tì wọ́n bí oògùn bá ń kán. Wọ́n sọ fún ará ibi iṣẹ́ pé àwa ọmọ ni. Lẹ́yìn ikú wọn, ní oṣù kẹta ọdún 2023, la tó pàdé àwọn ará ibi iṣẹ́, tí a wá mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan tó jókòó tì wọ́n. Ó dùn wá wọra.

Ọmọ méjì àti ọmọ-ọmọ mẹ́ta ló gbẹ̀yìn Màmá. Sẹ́ẹ̀lì náà ṣì wà láàyè nínú àpótí. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn bi wá bóyá kí òun dà á nù. Inú ń bí wa sí i: òun ló pa ìyá wa, ó sì ń jẹun lẹ́yìn wọn. Síbẹ̀, a ní kí wọ́n máa bọ́ ọ, kí wọ́n máa gbé oògùn tuntun kò ó lójú, títí wọn yóò fi rí èyí tí sẹ́ẹ̀lì náà yóò gbọ́ràn sí.

Ẹ sùn re o, Màmá. Lọ́jọ́ tó bá kú, a ó wá sọ fún yín.